Ṣé títi ọjà pa ló sọ ìwà àwọn ará Filipínì di bí a ṣe ń rí i yìí?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (Ìjẹ̀bú-Òde) béèrè:

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ti bẹ̀rẹ̀ sí jíròrò lórí ìwé tí a fẹ́ kọ sí ìjọba, pé kí wọ́n fòfin de àwọn ọjà òkèèrè kan tó ń ba ọjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa jẹ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí àjèjì olówó ńlá máa ta ọjà ní ẹyọ-ẹyọ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú àwọn ará Filipínì, sọ fún mi pé irú òfin bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun bá nílé wọn, àwọn kan nínú wọn sì gbà pé òun ló lé àwọn kúrò nílé.

Ohun tó ń sọ nípa wọn yà mí lẹ́nu. Wọ́n mọṣẹ́, wọ́n ń pa àkókò mọ́, kò sì sí ọ̀gá ọkọ̀ tí kì í fẹ́ wọn. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ilé bá dé, ohun tó ń jáde lẹ́nu wọn ni pé kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i: iná mànàmáná wọ́n, íntánẹ́ẹ̀tì kò dára, iṣẹ́ kì í bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹni ńlá lẹ́yìn, ohun tó bá sì ti òkèèrè dé ni gbogbo ènìyàn ń kà sí ojúlówó. Àwọn kan sọ pé bí Ọlọ́run ṣe dá àwọn nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí n kò tíì rí ẹ̀yà kan tí ìfaradà ìyà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé òfin tó ti àjèjì mọ́ta, tí kò sì jẹ́ kí ìdíje wà, lè wọ inú ìwà ènìyàn débi pé ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn rẹ̀ yóò rò pé àbímọ́ ni? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí a yọ kúrò nínú ìwé wa, kí sì ni kí a fi kún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọdún àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ìdáhùn yín lẹ́yìn, nítorí èmi ni yóò kà á sétí ìgbìmọ̀.

Olùkọ́ Àgbà (Ìperu Rẹ́mọ) dáhùn:

Akọ̀wé, ẹ kú ìrònú ìlú. Ọ̀rọ̀ Filipínì wà lára èyí tí mo máa ń lò nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ètò ọrọ̀ ajé, mo sì gbà pé òfin ló gbẹ́ púpọ̀ nínú ìwà tí ọmọ yín ń ròyìn.

Kí a tó dá àwọn tó ti ilẹ̀kùn náà lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ ohun tó bí wọn nínú. Spéènì jọba lé wọn lórí fún ohun tó lé ní 300 ọdún, Amẹ́ríkà sì gbà wọ́n lọ́wọ́ Spéènì ní 1898. Nígbà tí òmìnira dé ní 1946, tí ogun ti sọ Manila, olú-ìlú wọn, di àwókù, Amẹ́ríkà so owó àtúnṣe mọ́ òfin ìṣòwò kan tó fún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ onílẹ̀ lórí ohun àlùmọ́nì, iná, omi àti ọkọ̀ ìrìnnà. Wọ́n ní láti tún ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn ṣe nítorí rẹ̀ ní 1947. Orílẹ̀-èdè tí a bá ṣe báyìí fún ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ kò lè ṣàìwá ọ̀nà láti gba ilé rẹ̀ padà. Ní 1954 wọ́n ṣe òfin pé ọmọ onílẹ̀ ni kí ó máa ta ọjà ní ẹyọ-ẹyọ, àwọn oníṣòwò ará Ṣáínà ni wọ́n sì fojú sùn. Ní 1958, lábẹ́ Ààrẹ Carlos Garcia, ìjọba kéde pé ọmọ Filipínì ni yóò kọ́kọ́ máa rí owó òkèèrè gbà fún òwò. Nígbà tí wọ́n sì kọ ìwé òfin tuntun ní 1987, lẹ́yìn tí Ààrẹ Marcos lọ, wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá: àjèjì kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀, kò gbọdọ̀ ní ju ìpín 40 nínú 100 lọ nínú ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè ohun tí gbogbo ìlú ń lò, kò sì gbọdọ̀ ní ìpín kankan nínú ilé ìròyìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí. Òfin sọ pé kí ọmọ onílẹ̀ ní ìpín 60, ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ tó lówó tó láti ra ìpín 60 nínú ilé-iṣẹ́ iná tàbí tẹlifóònù kò pọ̀. Ìdílé bíi mélòó kan tó ti ní ilẹ̀ àti owó láti ayé Spéènì àti Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n sì di ẹnubodè fún gbogbo àjèjì tó bá fẹ́ wọlé. Ohun tí wọ́n ṣe ní orúkọ gbogbo ìlú wá di ogún àwọn díẹ̀.

Ẹ wo tẹlifóònù. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ni gbogbo rẹ̀, ènìyàn sì lè forúkọ sílẹ̀, kí ó dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fa wáyà dé ilé rẹ̀. Lee Kuan Yew, olórí ìjọba Singapore tẹ́lẹ̀, lọ sí Manila ní 1992, ó sì sọ ní gbangba pé nínú 100 ọmọ Filipínì, 98 ń dúró de tẹlifóònù, 2 tó kù sì ń dúró kí ti àwọn dún. Ọ̀rọ̀ náà dun ìjọba Ààrẹ Fidel Ramos, láti 1993 ni wọ́n sì ti ń ṣí ọjà náà sílẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bákan náà ni ti ọkọ̀ òfurufú: láti àwọn ọdún 1970 ni àṣẹ ti wà pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni yóò máa gbé èrò láàárín ìlú wọn. Ní 1995 ni wọ́n ṣí i, ní 1996 ni Cebu Pacific bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú, ọ̀pọ̀ tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ni wọ́n mọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ bàálù.

Ìwà tó ń ti inú irú ọjà bẹ́ẹ̀ jáde kò ṣòro láti lóye. Ẹni tó ti dúró de tẹlifóònù fún ọdún mẹ́wàá kì í kọ ìwé ẹ̀hónú mọ́. Ẹni tó mọ ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ náà ló ń wá kiri. Níwọ̀n bí kò ti sí ibòmíràn tí yóò gbé owó rẹ̀ lọ, ìbínú rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni tó ń tà fún un, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pẹ́, yóò máa pè é ní sùúrù, yóò sì fi kọ́ ọmọ rẹ̀.

Ó kù díẹ̀ nípa àwọn olówó náà fúnra wọn, nítorí àìsí ìdíje ń ba ìwà tiwọn náà jẹ́. Títí di 1974 ni Amẹ́ríkà ń ra ṣúgà Negros, erékùṣù kan ní Filipínì, ní ìwọ̀n tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún un, ní owó tó sábà máa ń ga ju ti ọjà àgbáyé lọ. Olóko ńlá tó mọ̀ pé ọjà òun ti tà kí òun tó gbin ìrèké kò rí ìdí tí òun yóò fi ra ẹ̀rọ tuntun tàbí fi gbin nǹkan mìíràn. Àdéhùn náà parí, owó ṣúgà já lulẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, àwọn olóko pa oko tì, ebi sì pa àwọn ọmọ alágbàṣe ní Negros débi pé àwòrán wọn kárí ayé.

Ìyá Aláṣọ (Ọjà Òkè-Ajé) dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Apá tó kan àwa oníṣòwò ni n ó sọ̀rọ̀ lé, ìyẹn òfin títa ní ẹyọ-ẹyọ, nítorí èmi náà wà lára àwọn tó ń jíròrò ìwé tí Akọ̀wé ń wí.

Bí mo ṣe kà á, òfin 1954 yẹn kò gbé ìsọ̀ lé àwọn ìyá olójà wọn lọ́wọ́. Ará Ṣáínà mìíràn fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ṣòwò, òmíràn wá ìwé ọmọ onílẹ̀, nígbà tí Marcos sì mú kí ó rọrùn ní 1975, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn di ọmọ Filipínì. Henry Sy, tí wọ́n bí ní Ṣáínà, tó ṣí ìsọ̀ bàtà rẹ̀ ní Manila ní 1958, ló wá ni àwọn ilé ìtajà ńlá SM tó kárí ilẹ̀ náà. N kò bá a wí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó jẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìyá tó ń ta ọṣẹ àti ṣúgà wẹ́wẹ́ lójúlé rẹ̀ nígbà náà, ibẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ ṣì wà lónìí, tó ń ta ọṣẹ inú ọ̀rá kékeré fún ẹni tí kò lówó láti ra odindi. Òfin náà lé àwọn ilé ìtajà òkèèrè sẹ́yìn títí di 2000, kò sì gbé ẹni ìsàlẹ̀ sókè.

Ní ti ìwà, ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Oníbàárà tó mọ̀ pé ìsọ̀ púpọ̀ ń ta irú aṣọ kan náà máa ń yẹ etí aṣọ wò, á bi mí bóyá ó ń ṣí, á ní kí n dín in kù, á sì tún lọ yí ká kí ó tó padà wá. Oníbàárà kan náà, bí ó bá ń wá àǹkò ẹbí tó jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà, ẹ̀bẹ̀ ló máa ń bẹ̀, kò sì ní yẹ nǹkan kan wò. Ènìyàn kan náà ni, láàárín wákàtí kan.

Gbogbo wa la sì rí i lórí tẹlifóònù níhìn-ín. Kí 2001 tó dé, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ló ni wáyà, ẹni tó ní tẹlifóònù nílé ní àdúgbò wa dà bí ìjòyè. Nígbà tí GSM dé, inú wa dùn débi pé a kò bínú sí sísan owó ìṣẹ́jú odindi fún ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni Glo, tí ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó dá sílẹ̀, wọlé ní 2003 pẹ̀lú ìsanwó ní ìṣẹ́jú àáyá, àwọn tó ṣáájú sì tẹ̀lé e nígbà tó yá. Láti ìgbà náà ni àwa náà ti mọ bí a ṣe ń bínú sí iṣẹ́ tí kò dára, tí a sì ń ra síìmù mìíràn.

Ọmọ Ṣágámù dáhùn:

Mo bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ wa àti fún ìyá wa, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbọ́ pé ìdáàbòbò ni àrùn, pé ṣíṣí ilẹ̀kùn sì ni oògùn. Mo ti ṣiṣẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo sì mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́.

Nígbà tí Filipínì dín ọjà òkèèrè kù ní àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ hù ní Manila bí olú. Nígbà tí wọ́n sì wá ń dín owó kọ́sítọ́ọ̀mù kù láti àwọn ọdún 1980, Marikina, ìlú tí gbogbo wọn mọ̀ mọ bàtà rírán, rí bàtà Ṣáínà tó ya wọlé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn aránbàtà sì pa iṣẹ́ tì. Ní February 2019 wọ́n gba agbára kíkó ìrẹsì wọlé kúrò lọ́wọ́ àjọ ìjọba kan ṣoṣo, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá lè san owó orí 35 nínú 100 máa kó ti àwọn aládùúgbò wọn wọlé. Owó ìrẹsì rọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó ń jẹ ẹ́, owó tí àgbẹ̀ ń gbà lórí ìrẹsì tí a kò tíì bó sì já lulẹ̀ lọ́dún náà gan-an. Àgbẹ̀ yẹn náà ní ìwà tí yóò kọ́ ọmọ rẹ̀: pé kí ó má ṣe dáko.

Gúúsù Kòríà náà ti ilẹ̀kùn. Lábẹ́ Ààrẹ Park Chung-hee, láti àwọn ọdún 1960, ẹni tó bá gba owó báǹkì àti ààbò ìjọba gbọ́dọ̀ tà sí òkèèrè, ìjọba sì ń wo iye tó tà. Ààbò wà, ìdánwò sì wà. Ti Filipínì, ààbò nìkan ni. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìdílé ńlá pé kí ni wọ́n fi ṣe. Àwa náà ṣe irú rẹ̀ ní 1972 àti 1977, nígbà tí òfin sọ pé kí àwọn òyìnbó ta ìpín wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó ti ní owó àti ojúlùmọ̀ ní báǹkì ló rà á.

Símẹ́ńtì ló sún mọ́ mi jù, nítorí láti 1978 ni a ti ń ṣe é ní Ṣágámù níbí. Ìjọba dí ọ̀nà símẹ́ńtì òkèèrè díẹ̀díẹ̀ láti 2002, a sì dẹ́kun àti máa kó o wọlé. Iṣẹ́ wà, mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe é lórílẹ̀-èdè yìí kò pọ̀ tó ìka ọwọ́ kan, ẹni tó ń kọ́lé kì í sì béèrè ìdí tí owó àpò kan fi gbéra mọ́; ṣe ló ń dín yàrá rẹ̀ kù. Ohun tí ọmọ Akọ̀wé gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Filipínì nìyẹn, kò sì sí òkun láàárín wa àti òun.

Olùtọ́jú Ìtàn (Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀) dáhùn:

Ó yẹ kí a rántí pé àwa gan-an ni a mọ títi ọ̀nà pa jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Títí di 1892, àlejò láti Èkó kò gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá sí òkè, ará òkè kò sì gbà á kọjá sí etí òkun. Ọjà Èjìnrìn ni wọ́n ti ń pàdé, àwọn baba wa sì ni alágbàtà láàárín wọn. Àwọn ará Rẹ́mọ náà wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, wọ́n sì jẹ nínú rẹ̀. Nítorí ọ̀nà tí a tì yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbógun wá ní May 1892 nígbà ayé Awùjalẹ̀ Tunwaṣe, tí wọ́n sì ṣẹ́gun wa ní Ìmàgbọ̀n.

Bí títi ilẹ̀kùn nìkan bá ń sọ ènìyàn di ẹni tí ń gba ohunkóhun tí a bá gbé fún un, ó yẹ kí Ìjẹ̀bú ti rọ jọjọ lẹ́yìn ìgbà náà. Òdì kejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: láàárín ọdún díẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kún, tí àwọn oníṣòwò wa tàn ká Èkó, Ìbàdàn àti ibi gbogbo tí ọkọ̀ ojú irin dé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé láàárín odi tí a ti mọ́ ara wa, àwọn tó ń du òwò pọ̀. Oníbodè ń gba owó ibodè, àwọn pàràkòyí ń mójú tó ọjà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń bá ọmọ Ìjẹ̀bú figagbága lórí epo, aṣọ àti iyọ̀, ẹni tí kò bá mọ òwò ṣe yóò jẹ gbèsè. Nígbà tí odi wó, ọwọ́ wọn ti yá. Ní Filipínì, odi kan náà ni, àmọ́ àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìdílé díẹ̀ lọ, wọn kò sì bá ara wọn jà. Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà, kò sì yẹ kí ìgbìmọ̀ gbójú fò ó.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (Ìjẹ̀bú-Òde) béèrè síwájú sí i:

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n tún béèrè ẹyọ kan lọ́wọ́ olùkọ́ wa: nígbà tí wọ́n ṣí ọjà náà sílẹ̀, ṣé ìwà yí padà lóòótọ́, tàbí a kàn ń rò bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Àgbà (Ìperu Rẹ́mọ) dáhùn:

Ó yí níbi tí ìdíje bá dúró, ó sì ń padà sẹ́yìn níbi tí wọ́n bá ti rà á pa. Mo fara mọ́ ohun tí Ọmọ Ṣágámù àti Olùtọ́jú Ìtàn sọ, òun ni mo sì ní lọ́kàn nígbà tí mo kọ nípa ìpín 60.

Ní 2004, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kékeré kan, Sun Cellular, jẹ́ kí ènìyàn máa pe ẹlòmíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ láìka ìṣẹ́jú, fún owó tí a ti mọ̀. Àwọn ènìyàn rọ́ lọ síbẹ̀, àwọn tó tóbi sì ní láti ṣe tiwọn. Ní 2011, PLDT, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ni gbogbo tẹlifóònù tẹ́lẹ̀, ra ilé-iṣẹ́ tó ni Sun. Ní 2016, San Miguel, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Filipínì, fẹ́ wọlé pẹ̀lú Telstra, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Ọsirélíà, Telstra yọwọ́, PLDT àti Globe tó ń bá a du ọjà sì jọ ra ohun tí San Miguel ti kó jọ. Àjọ ìdíje tí òfin 2015 dá sílẹ̀ fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ilé-ẹjọ́ dá a dúró. Ẹ ò lè ní kí ará ìlú tó rí èyí má ṣe sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ẹ̀kọ́ tí ojú rẹ̀ rí ló ń sọ.

Ẹ wá wo àwọn tó ń dáhùn tẹlifóònù fún àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà láti Manila àti Cebu, tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Òfin ìpín 60 kò dé ibẹ̀, àjèjì lè ni gbogbo rẹ̀, àwọn agbanisíṣẹ́ sì ń jà lórí òṣìṣẹ́. Ọmọ Filipínì tó wà níbẹ̀ ń béèrè owó tó tọ́ sí i, ó ń kúrò níbi tí wọn kò bá bọ̀wọ̀ fún un, kò sì nílò ẹni ńlá kankan láti wọlé. Ìlú kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, ó sì jọ àwọn tí ọmọ yín ń bá ṣiṣẹ́ lórí òkun.

Ní March 2022, Ààrẹ Duterte fọwọ́ sí òfin tó yọ tẹlifóònù, bàálù àti ọkọ̀ ojú irin kúrò lára ohun tí ìpín 60 dè. Ní February 2023, Starlink, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń fi sátẹ́láìtì pèsè íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, Filipínì sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ilẹ̀ àti ilé ìròyìn ṣì wà ní títì, àríyànjiyàn lórí wọn kò sì tíì tán nílé ìgbìmọ̀ wọn.

Fún ìwé yín, Akọ̀wé, ohun méjì ni mo bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ kọ iye ọdún tí ìdènà kọ̀ọ̀kan yóò fi wà, kí ó má baà di ogún ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì béèrè pé kí ìjọba má fi ìwé àṣẹ òwò kankan sọ́wọ́ ẹnì kan tàbí méjì, ìbáà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (Ìjẹ̀bú-Òde):

Mo ti kọ méjèèjì sílẹ̀, sà. N ó dábàá pé kí a yọ gbólóhùn tó wà lórí títa ní ẹyọ-ẹyọ kúrò, nítorí ohun tí Ìyá Aláṣọ sọ nípa òfin 1954. Mà, bí ẹ bá lè wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún wọn, yóò wọ̀ wọ́n létí ju kí n kà á lọ.